Àyè Adéníkẹ́ Nídìí Tábìlì Àwọn Ará Róòmù

Nígbà tí Adéníkẹ́ fi máa ru apẹ̀rẹ̀ ẹja àti ẹyin láti ọjà Sandgrouse dé ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń ro ó. Ọjọ́ Ẹtì ni, bó sì ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wá àpótí jókòó lé, kò sì lè dìde fún ìgbà díẹ̀.

Àlímọ̀t, ìyàwó Alhaji Tìjání tó ni ilé náà, wà nínú àgbàlá níbi tó ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó wò ó títí.

"Ìyá Mojí, ẹ kú ọjà o. Ṣé àwọn ará Róòmù yín tún ń bọ̀ lọ́la?"

"Wọ́n ń bọ̀, Ìyá Bashiru."

"Kì í rẹ̀ wọ́n ni?"

"Kí ni yóò rẹ̀ wọ́n? Ṣebí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ń dùbúlẹ̀."

Àlímọ̀t bú sẹ́rìn-ín. Adéníkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé inú ń bí i, agbára ẹ̀rín ni kò sí lára rẹ̀.

Ọkọ Adéníkẹ́ ni Dáfídì Ọlátúndé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Látìn nílé-ìwé gíráma kan. Tíṣà Látìn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò wọ ọkọ̀ òkun rí, ṣùgbọ́n ó mọ Róòmù àtijọ́ bí ẹni mọ àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja níbẹ̀, ó mọ òróró tí wọ́n fi ń pa ara nílé ìwẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Bí wọ́n ṣe ń jẹun yìí ló wù ú jù. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí àwọn ará Róòmù jẹ́, kí wọ́n fi ogun àti ọba sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ti ń jẹun, kí wọ́n wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, kí wọ́n sì wo ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún.

Nígbà tí Mojísọ́lá ọmọ wọn ṣì kéré ni Dáfídì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ti kọ́ ní Látìn wá sílé lọ́sàn-án Sátidé. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn ò pọ̀, orí ẹní ni wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tó yá, ó ní kí káfíńtà kan bá òun kan bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ mẹ́ta tí kò ga. Ó tò wọ́n yí tábìlì kékeré kan ká lápá mẹ́ta, ó ń pè wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, ó fi apá kẹrin sílẹ̀ kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé. Ẹni mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́sàn-án lápapọ̀, bí àwọn ará Róòmù ṣe ń ṣe é. Adéníkẹ́ ló lọ ra aṣọ ní Jankara tó fi rán tìmùtìmù, òun náà ló ki òwú sínú wọn. Bí ẹnì kan kò bá lè wá, Dáfídì á wá ẹlòmíì dí àyè rẹ̀. Kò fẹ́ kí mẹ́sàn-án yẹn dín.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, nítorí Dáfídì ní wákàtí kẹsàn-án ojúmọ́ ni oúnjẹ ńlá wọn ní Róòmù. Àwọn àlejò á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á da aṣọ funfun bo èjìká, wọ́n á fi ìgbúnwọ́ òsì ti tìmùtìmù, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Ẹni tó níyì jù láàárín wọn á wà ní ìparí bẹ́ẹ̀dì àárín; Dáfídì tó jẹ́ baálé á wà ní ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, kí òun àti ẹni náà lè máa sọ̀rọ̀. Ẹyin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èso ni wọ́n fi ń parí. Ní Róòmù, ápù ni. Nílé Dáfídì, gúáfà ni, tàbí àgbálùmọ̀ bó bá jẹ́ ìgbà rẹ̀. Ẹmu tí wọ́n po oyin mọ́ ni wọ́n ń mu. Omi olóyin ni ti Mọ̀núrù, ọ̀kan lára àwọn àlejò náà, nítorí Mùsùlùmí ni. Nígbà kan, Dáfídì ní kí Adéníkẹ́ kó ẹja wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ sínú ìkòkò, kó gbé e sínú oòrùn kó jẹrà di omi, pé ọbẹ̀ tí àwọn ará Róòmù ń fi sí gbogbo nǹkan nìyẹn. Alhaji Tìjání fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ wọ́n nítorí òórùn.

Bí wọ́n bá jẹ ẹja tán, wọ́n á ju egungun rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Róòmù. Ìyẹn máa ń dùn mọ́ wọn bíi ti ọmọdé. Bí wọ́n bá fẹ́ máa lọ, wọ́n á di oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sínú aṣọ ìnuwọ́ tí kálukú mú wá látilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Róòmù.

Adéníkẹ́ ló ń gba apá kẹrin yẹn wọlé. Òun ló ń gbé àwo lọ, tó ń gbé àwo bọ̀, tó ń bu omi sí wọn lọ́wọ́, tó sì ń gbá egungun ẹja. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ló máa ń fi búrẹ́dì nù jẹ, lórí ìdúró. Láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń rán lórí máṣíìnì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjà. Sátidé, Róòmù. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Mojísọ́lá wà nílé, ó máa ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Mojísọ́lá ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn.

Adéníkẹ́ ti bi Dáfídì rí, ó pẹ́ gan-an, pé àwọn obìnrin Róòmù ńkọ́, níbo ni wọ́n ń wà? Dáfídì ń máàkì ìwé lọ́wọ́ nígbà náà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àwọn ló ń mójú tó ilé." Adéníkẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó jọ ibi gbogbo tó mọ̀.

Ọdún tó ṣáájú ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó ni Olúbùnmi wá sílé wọn. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì Ìbàdàn ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Látìn nílé-ìwé wọn. Mọ̀núrù, tó jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà kan, ló mú un wá. Obìnrin kankan kò dùbúlẹ̀ sórí àwọn bẹ́ẹ̀dì yẹn rí, àwọn ọkùnrin náà sì kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ bí Látìn ṣe yọ̀ lẹ́nu ọmọ náà, ojú wọn walẹ̀, wọ́n fún un láyè lórí bẹ́ẹ̀dì òkè.

Adéníkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ẹja lọ́wọ́. Kì í ṣe Látìn ọmọ náà ló ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, bí wọ́n ṣe nà gbalaja lórí tìmùtìmù, tí wọn ò wú, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní pé kó gbé wọn ńlẹ̀.

Kí wọ́n tó kan èso, Olúbùnmi dìde, ó kó àwo òfìfo, ó tẹ̀ lé e lọ sílé ìdáná.

"Rárá o, àlejò ni ẹ́, ọmọ mi," ni Adéníkẹ́ wí. "Padà lọ jẹun."

"Mo ti yó, Mà. Kí ló dé tí ẹ ò wá bá wa jẹun?"

"Èmi kẹ̀? Ṣebí àwọn obìnrin Róòmù kì í jẹun níbi tí àwọn ọkùnrin bá wà."

Olúbùnmi rẹ́rìn-ín. "Àwọn ará Gíríìkì nìyẹn, Mà. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ìyàwó wọn jáde sí àlejò. Ní Róòmù, ìyàwó onílé a máa bá àlejò jẹun. Láyé ijọ́un, orí àga ni wọ́n ń jókòó sí tí àwọn ọkùnrin bá dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn náà ń dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ gan-an ni àyè rẹ̀ wà, lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì wà yẹn."

Adéníkẹ́ gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló wá ń gbé oúnjẹ wọlé nígbà náà?"

"Ẹrú ni, Mà." Ó dáhùn kíá, bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Kì í ṣe pé mo..."

"Kò sí nǹkan kan. Gúáfà ló kù. Bá mi gbé e lọ fún wọn, kí orúnkún mi sinmi díẹ̀."

Kò sọ nǹkan kan fún Dáfídì lọ́jọ́ náà. Inú Dáfídì dùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń ka Látìn tí ọmọbìnrin náà kà fún wọn, ó ń kà á lákàtúnkà. Adéníkẹ́ gbá egungun ẹja, ó sì fọ àwo.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí Dáfídì ti jẹun, tó na ara sórí àga pẹ̀lú ìwé ìròyìn, ó ní, "Bàbá Mojí, ṣé òótọ́ ni pé ìyàwó onílé ń bá àlejò jẹun ní Róòmù?"

Dáfídì sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Àmọ́..." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ilé tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n ní àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé."

"Wọ́n ní ẹrú."

"Adéníkẹ́, mi ò pè ọ́ lẹ́rú rí."

"Ẹ ò pè mí ní nǹkan kan."

Ẹni kan ń ta ẹ̀pà kọjá lójú títì, wọ́n gbọ́ ọ títí ohùn rẹ̀ fi lọ. "Mo rò pé kò lè wù ọ́ ni," ni Dáfídì wí. "Látìn là ń sọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́."

"Ẹ ò bi mí." Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, Dáfídì ì bá mọ ohun tí yóò ṣe. "Ó rẹ̀ mí, Bàbá Mojí. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí."

"Màá wá nǹkan ṣe sí i," ni Dáfídì dáhùn. Ohùn tó fi ń dá àwọn ọmọ ilé-ìwé lóhùn ni, nígbà tí wọ́n bá wá bẹ̀ ẹ́ nítorí máàkì. Adéníkẹ́ mọ̀ pé kò ní ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun mìíràn ló kún orí rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó dé àárín, ó ti ń bi í bóyá ẹja máa tó, torí Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, tó jẹ́ ọ̀gá ńlá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ń bọ̀ ní Sátidé.

Adéníkẹ́ lọ ọjà. Ó dáná gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ: ó se ẹyin, ó din ẹja, ó se adìẹ, ó fọ gúáfà, ó tò wọ́n sórí tábìlì ilé ìdáná, ó fi àwo dé wọn. Lẹ́yìn náà, ó pọn omi, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ̀ lọ gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, gbogbo wọn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sáàárín bàtà àwọn ọkùnrin. Sámúẹ́lì, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan ní Tinúbú, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dáfídì.

"Ọ̀gbẹ́ni Sámúẹ́lì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi."

Sámúẹ́lì dìde kí ó tó mọ ìdí tí òun fi dìde. Adéníkẹ́ dùbúlẹ̀ sí àyè náà, ó fi ìgbúnwọ́ òsì ti tìmùtìmù bó ṣe ti ń rí wọn látọjọ́ yìí wá. Ó dáa. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe dáa.

Sámúẹ́lì dúró láàárín ilé pẹ̀lú aṣọ funfun léjìká, kò ríbi lọ.

"Tíṣà, ṣé kò sí?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé bèèrè.

"Kò sí, Sà," ni Dáfídì wí. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo tábìlì.

Wọ́n dúró de ẹyin. Ẹnì kan wúkọ́. Mọ̀núrù wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Adéníkẹ́, ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Olúbùnmi fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, Adéníkẹ́ mi orí sí i. "Jókòó, ọmọ mi. Kì í ṣe ìwọ."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ní, "Ṣé wọn ò tíì se oúnjẹ ni?"

"Ó ti jinná," ni Adéníkẹ́ dáhùn. "Ilé ìdáná ló wà."

Dáfídì dìde nígbẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló máa ń dúró sí láti pe Adéníkẹ́. Kì í wọlé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tí ọmọrí ìkòkò jábọ́. Ó gbé ẹyin wọlé láìsí iyọ̀, ó padà lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀: "Adéníkẹ́, iyọ̀ dà?"

"Ó wà nínú agolo pupa."

"Àwọn agolo pupa pọ̀ níbí!"

Sámúẹ́lì tí kò ní àyè ló kọ́kọ́ lọ bá a. Mọ̀núrù náà dìde tẹ̀ lé e. Àlímọ̀t tó ń sá aṣọ nínú àgbàlá rí ọkùnrin mẹ́ta nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń ti ara wọn yí ìkòkò adìẹ ká, ó ní, "Súbúhánálláhì! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìyá Mojí dà?" Ìkòkò jó Dáfídì ní àtàǹpàkò. Adìẹ ṣáájú ẹja wọlé. Nígbà tí Dáfídì fẹ́ bu omi sọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ó dà á sí i lẹ́sẹ̀.

Kí èso tó dé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wọ bàtà rẹ̀. Ó ní òun ní ìpàdé kan. Dáfídì sìn ín dé ojú títì, ó padà wá, ó sì tún gba ilé ìdáná lọ.

Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Adéníkẹ́ tẹ́tí sí wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ilé ìdáná, ó sì ti rò pé nǹkan ńlá kan ń bẹ níbẹ̀ tí òun kò mọ̀. Méjì nínú wọn ń jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ Látìn kan. Òmíràn ń fi Yorùbá sọ ìjà òun àti ọ̀gá rẹ̀ lọ́fíìsì, ó sọ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òun àti Àlímọ̀t ti sọ ọ̀rọ̀ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Atẹ́gùn ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gòkè kúrò nílẹ̀. Òwú tó ki sínú tìmùtìmù yẹn rọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ó ní kí òun pa ojú dé díẹ̀.

Ìgbà tó han-an-run ni wọ́n mọ̀ pé ó ti sùn. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín; Dáfídì, tó gbé àwo gúáfà dání, mi orí sí i. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ parí oúnjẹ náà. Mọ̀núrù gbé ọwọ́ sókè láti ju egungun ẹja sílẹ̀, ó wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì dá a padà sínú àwo. Wọ́n mú bàtà wọn dání jáde.

Nígbà tí Adéníkẹ́ jí, oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ẹnì kan sì ti fi aṣọ bò ó. Dáfídì jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń rùn fún ọṣẹ.

"Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

"Mi ò mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ fún yín."

"O sọ fún mi." Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti wú. "Ìyá Bashiru ní kí n tún àwọn àwo yẹn fọ̀. Ó ní ọ̀rá ṣì wà lára wọn."

"Ṣé ẹ jẹun?"

Ó ronú sí i. "Rárá. N kò tiẹ̀ rántí."

Adéníkẹ́ fà á létí aṣọ pé kó sún mọ́ ọn. Adìẹ tutù àti ẹyin díẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, àwọn àlejò kò dì í lọ. Àwọn méjèèjì fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, Adéníkẹ́ ní, "Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ níbẹ̀ kò dùn tó bí mo ṣe rò."

Ó dun Dáfídì, ó hàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. "Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dùn," ni ó wí.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé kò padà wá mọ́, àwọn méjì mìíràn náà kò wá. Dáfídì gbìyànjú pé kí àwọn ọkùnrin máa dáná fúnra wọn; ìyẹn kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà, ó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí kálukú máa gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Nígbà mìíràn Olúbùnmi á gbé mọ́ín-mọ́ín wá, Sámúẹ́lì á gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, Dáfídì á sì bi wọ́n pé ará Róòmù wo ló jẹ ìkọ́kọrẹ́, ṣùgbọ́n á bá wọn jẹ ẹ́. Bó bá wu Adéníkẹ́, á wá. Bí kò bá wù ú, kì í wá.

Orúnkún rẹ̀ kò san. Dáfídì ṣì máa ń gbàgbé, á wà nínú yàrá, á ké pé kó gbé omi wá. Adéníkẹ́ kì í dáhùn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, yóò gbọ́ tí àga dún, tí Dáfídì dìde lọ bu omi fúnra rẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ tí kò sí àlejò, Adéníkẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọ̀sán. Kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Dáfídì jáde wá, ó ní ṣé kí àwọn rìn lọ sí Marina, kí àwọn gba afẹ́fẹ́.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ni Adéníkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká jókòó síbí."

Dáfídì gbé àga wá. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo àwọn tó ń kọjá, títí àwọn ará ilé Alhaji fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́tù jáde láti ṣe àlùwàlá fún ìrun alásárì.